Ẹ Gbé Iná Náà Sókè Díẹ̀

Òórùn eruku tó ń jóná lára gílóòbù ńlá ni mo fi ń rántí ìyàwó mi. Àwọn mìíràn a máa rántí òkú wọn nípa lọ́fínńdà tàbí nípa ọbẹ̀. Ti èmi kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá tan iná iṣẹ́ mi, tí ooru rẹ̀ kan ìdọ̀tí tó bà lé e, tí èéfín tín-ín-rín rú, òun ni mo máa ń rí: obìnrin kúkúrú kan tó dúró sẹ́yìn kámẹ́rà, tó so ìborí mọ́ orí gírígírí, tó ń fi ìka kan ṣoṣo júwe ibi tó fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí.

Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mo kọ́, ní Ashanti New Town, níbi tí àwọn òbí mi fìdí kalẹ̀ sí nígbà tí wọ́n dé Kumasi. Ilé ni mo ń fa wáyà sí. N kò lọ sílé ìwé nígbà tí ẹgbẹ́ mi ń lọ. Mo ti ń fá irùngbọ̀n kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi sílẹ̀. Nítorí náà mo máa ń dákẹ́ láàrin èèyàn. Wọ́n rò pé ọgbọ́n ni. Ìbẹ̀rù ni, kí n má baà ṣi ọ̀rọ̀ sọ lójú àwọn tó kàwé. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àwọn tó kàwé náà ń ṣi í sọ.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí ilé kan tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Iná ilé náà ti jó, iṣẹ́ sì dúró. Mo ń tú wáyà lára ògiri nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi pé, "Oníná, ẹ wá jẹ bọ̀ọ̀lì." Mo yíjú padà. Obìnrin kan ni, wọ́n ti fi ẹfun àti èédú kùn ún lójú, irun rẹ̀ dúró ṣánṣán, ohun pupa kan ń ṣàn láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ dé àgbọ̀n. Bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní mo ti yó. Mo sì ń fi ẹ̀yìn rìn títí mo fi kan ògiri. Ó rẹ́rìn-ín débi pé olùdarí ní kó dákẹ́, kó má ba ojú tí wọ́n kùn fún un jẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Oníná. A ṣe ìgbéyàwó, kò yí i padà. Bí inú bá sì bí i sí mi, Oníná náà ni, pẹ̀lú "ẹ" níwájú rẹ̀, nítorí ilé tó ti jáde kò gbà kí ìyàwó máa pe ọkọ ní "ìwọ."

Ọmọ tiwa ni. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ àgbà ti wá ta aṣọ, bíi ti bàbá mi. Kumasi ni wọ́n bí òun àti èmi sí. Yorùbá tí a ń sọ nínú ilé, Twi, èdè ìlú náà, ti jẹ ìdajì rẹ̀. Bí àlejò bá ti Nàìjíríà dé, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń gbọ́ wa.

Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ya fíìmù Twi nílùú wa lè rò pé ìwé ni òṣèré ń há sórí. Kò sí ìwé. Láàárọ̀ ni olùdarí yóò kó gbogbo wọn jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò pa ìtàn náà fún wọn bí ẹni ń pàlọ́: ìwọ ni ìyá ọkọ, ìwọ ni ìyàwó, ìwọ lo jí ọmọ gbé. Bó bá wá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, oníkálukú yóò fi ẹnu ara rẹ̀ wá ọ̀rọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ ni òṣèré. Ìyàwó mi ní ẹ̀bùn yẹn. Ohùn rẹ̀ wúwo, ojú rẹ̀ sì tóbi, nítorí náà àjẹ́ ni wọ́n máa ń fi í ṣe, nínú fíìmù kan sí èkejì. Ó dé ibi pé, bó bá lọ sọ́jà, àwọn obìnrin kan kì í fi ṣéńjì lé e lọ́wọ́. Orí tábìlì ni wọ́n ń jù ú sí. Nínú ọkọ̀, ẹni tó bá dá a mọ̀ yóò sún mọ́ fèrèsé. Òun á ní, "Ẹ fara balẹ̀, ebi ò tíì pa mí lónìí."

Èmi náà ò gbọ́n jù wọ́n lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wo fíìmù kan tó ti di ológbò, tó lọ fún ọmọ ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́rùn, etí ibùsùn gan-an ni mo sùn sí. Ó rí i, kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́, ó fi ẹnu sí mi létí, ó ní, "Míáò." Mo ṣubú lulẹ̀. Mo ti fẹ́ ẹ nílé nígbà náà o, mo sì ti mọ bó ṣe ń hanrun.

Ohun tó yí i padà ṣẹlẹ̀ ní ibùdókọ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ká obìnrin arúgbó kan mọ́. Ó ṣìnà ni, ogbó ti mú un ní iyè. Wọ́n ní ó ń fò lọ ni, ó já bọ́. Wọ́n ń lù ú, wọ́n ń ní kó jẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ń pariwo lé e lórí pé, "Sọ ọ́! Sọ pé o jẹ wọ́n, o ò sì tíì yó!" Ìyàwó mi gbọ́ gbólóhùn yẹn, ó dúró sójú kan. Òun ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọdún kan kò tíì pé tó sọ ọ́ nínú fíìmù, "Mo jẹ wọ́n, n kò sì tíì yó," ó dùn mọ́ àwọn èèyàn, ó di orin lẹ́nu wọn. Ó já wọ àárín wọn, ó fi ara rẹ̀ bo arúgbó náà títí àwọn ọlọ́pàá fi dé. Ìgbà tó wọlé, aṣọ rẹ̀ ti ya léjìká. Ó jókòó, kò bọ́ ọ.

Ó ní, "Oníná, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n ń fi nà án."

Mo pọn omi fún un. Láti ọjọ́ náà, kò ṣe àjẹ́ mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó darapọ̀ mọ́ àwọn obìnrin kan tó ń lọ láti abúlé dé abúlé nítorí àwọn arúgbó tí wọ́n lé nílé, tí wọ́n sọ lókùúta. Ó ń bá wọn lọ sí ilé ẹjọ́. Ó sì pinnu pé òun fúnra òun yóò ya fíìmù, òun yóò jẹ́ olùdarí, èmi ni n ó sì gbé iná. Ó ní fíìmù ló kó bá wọn, fíìmù ni yóò kó wọn yọ. Mo rántí pé mo rò ó lọ́kàn pé a ti gbọ́n tán. Inú mi dùn débi pé mo ra ibọ̀wọ́ tuntun.

Asawase ni a ń gbé nígbà náà, nínú ilé onígun mẹ́rin tí yàrá yí àgbàlá rẹ̀ ká. Yàrá tó wà lẹ́bàá géètì ni ti Ìyá Ẹlẹ́kọ. Lójoojúmọ́, kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀, iná rẹ̀ ti ń jó, ẹ̀kọ ọkà-bàbá tó fi ata àti atalẹ̀ sí ti ń hó. Kò sí ẹni tí kò mu nínú rẹ̀ ní ilé náà. Ará Ìnísà ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò fojú kan Ìnísà rí. Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Ghana ní kí àwọn àlejò máa lọ, ní àkókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bí èmi, àwọn òbí rẹ̀ di ẹrù, wọ́n wọ ọkọ̀. Òun dúró, nítorí ó ti lọ́kọ ní Moshie Zongo, ọkọ náà sì jẹ́ Moshie, ẹ̀yà àlejò kan láti ìhà àríwá, tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ pé. Ìgbà tí ọkọ̀ gbéra ló rí ìyá rẹ̀ kẹ́yìn. Ọkọ náà ti kú. Ọmọ mẹ́ta ló bí, gbogbo wọn ló sin ní kékeré. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́.

Ìtàn fíìmù ìyàwó mi kò le. Wọ́n pe arúgbó kan ní àjẹ́, wọ́n nà án títí ó fi jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé kànga tí wọ́n ń mu ló ní àrùn. Ṣùgbọ́n àwọn òṣèré tó ti dàgbà kọ̀ láti ṣe arúgbó náà. Wọ́n ní àwọn ṣì fẹ́ máa lọ sọ́jà. Ló bá lọ bá Ìyá Ẹlẹ́kọ.

"Ṣé wọn yóò fún mi lóúnjẹ níbẹ̀?" ni Ìyá bi í.

"Wọn yóò fún yín, Ìyá."

"Ṣé ẹ̀kọ ni?"

"Ìrẹsì ni, pẹ̀lú ẹja."

"Màá ṣe é. Ẹ̀kọ ti sú mi."

Ẹ̀yìn ilé wa náà ni a ti ya ìran ìjẹ́wọ́. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ níwájú Ìyá, ó ní, "Wọ́n ti nà yín, ó ti rẹ̀ yín. Ẹ fẹ́ kí wọ́n fi yín sílẹ̀. Ẹ jẹ́wọ́. Ẹ wá ọ̀rọ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ bá wà." Ó lọ sẹ́yìn kámẹ́rà. Ìyá fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀, a rò pé ó ti gbàgbé. Ó wá lanu, ó ní òun ni òun pa wọ́n. Ó dárúkọ wọn. Kì í ṣe orúkọ inú fíìmù. Orúkọ àwọn ọmọ tirẹ̀ ni, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti àrùn tó mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń wò ó, n kò mọ̀ pé iná ti ń tẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn: "Oníná, ẹ gbé iná náà sókè díẹ̀." Mo gbé e sókè.

Fíìmù náà parí. Kí ó tó jáde, wọ́n máa ń gé díẹ̀ nínú rẹ̀ fi polówó. Ohun tó dùn jù ni ọlọ́jà ń fi síwájú àtẹ, ìyàwó mi náà sì gé ìjẹ́wọ́ Ìyá Ẹlẹ́kọ. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ ó ti wọ inú fóònù gbogbo èèyàn Asawase. Kò sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sí òpin rẹ̀. Obìnrin kan ṣáá, tó kúnlẹ̀, tó ń ka orúkọ àwọn ọmọ tó pa. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ́kọ́ ń fi ṣe àwàdà. Wọ́n á ní, "Ìyá, ẹ bu ẹ̀kọ fún mi, ṣùgbọ́n ẹ má bu ẹ̀jẹ̀ sí i." Òun náà á rẹ́rìn-ín.

Alhaji onílé ní ọmọbìnrin kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Kejetia, tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọbìnrin yìí ní ọmọ kékeré kan, obìnrin, tó fẹ́ràn ìdí ààrò Ìyá Ẹlẹ́kọ. Lọ́jọ́ kan ara ọmọ náà gbóná láàárọ̀. Ìyá rẹ̀ fún un lóògùn, ó ní kó jókòó ti Ìyá Ẹlẹ́kọ, ó lọ sọ́jà. Lọ́sàn-án, gìrì mú un. Ìyá Ẹlẹ́kọ ló gbé e, tó ń sáré, tó ń ké. Àwa la wá ọkọ̀ tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó yè é. Àwọn dókítà ní ibà ni. Ṣùgbọ́n kí ìròyìn yẹn tó dé ilé, ìròyìn mìíràn ti ṣáájú rẹ̀. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ọmọ kankan kò tilẹ̀ kú. Àjẹ́ sì wà nínú fóònù, ó ń ké.

Lọ́jọ́ kejì kò sẹ́ni tó ra ẹ̀kọ. Ìyá Ẹlẹ́kọ jókòó ti ìkòkò náà títí ó fi dì. Alhaji pe gbogbo ayálégbé sí àgbàlá. Kì í ṣe èèyàn búburú. Ó ń fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ ṣeré lọ́wọ́, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní nítorí àlàáfíà, kí Ìyá wá ibòmíràn lọ, bí a bá ti kírun Jímọ̀ tán.

Ìyàwó mi dìde. Ó ní eré ni. Ó ní bí wọ́n bá wo fíìmù náà tán, wọn yóò rí i pé arúgbó náà kò jẹ̀bi, nítorí òun ni òun ṣe é, òun sì ṣe é fún irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an.

Ọmọ onílé náà dìde. Ó ní, "Ta ló kọ ọ̀rọ̀ náà fún un?"

"Àǹtí, a kì í kọ ọ́."

"Mo mọ̀. Ìwọ náà máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé, pé ẹ kì í kọ ọ́. Ṣé ìwọ lo wá fi orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sí i lẹ́nu?"

"Rárá."

"Ṣé ìwọ lo ní kó sọ pé òun pa wọ́n?"

"Mo ní kó jẹ́wọ́."

"Ó ti jẹ́wọ́."

Télọ̀ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa ló ṣáà fẹ́ fi àwàdà pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Èmi náà ṣe ọlọ́pàá nínú fíìmù yẹn. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í mú yín ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alhaji gbójú sókè, wọ́n dákẹ́. Mo wà níbẹ̀, mo ga ju gbogbo wọn lọ, n kò sọ ohunkóhun. Àwọn àgbà ní àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo mọ òwe náà dáadáa, ilé ni mo ti rántí rẹ̀, lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti tú ká.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìyàwó mi ní kí n bá òun lọ sí yàrá Ìyá. Ó ti di ẹrù rẹ̀. Ìkòkò wà nínú àpò, okùn wà lọ́rùn àpò, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó rí i pé à ń wò ó. Ó ní, "Mo mọ ẹrù dì. Ìgbà tí wọ́n lé bàbá mi, èmi ni mo bá wọn dì í."

"Níbo lẹ ó lọ, Ìyá?" ni ìyàwó mi bi í.

"Ìyẹn ni mo ń rò. Mo ti di ẹrù ná."

Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀, ó gbé kámẹ́rà lé itan. Ohun tó fẹ́ fi hàn án kò sí nínú fíìmù. Gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí lọ́jọ́ ìjẹ́wọ́ náà ni, láti ìgbà tí a tàn án títí di ìgbà tí a pa á, èyí tí a gé àti èyí tí a kò gé. Ìyá tẹ ojú mọ́ ọn. "Ṣé bí ojú mi ṣe rí nìyí? Ó ti hunjọ bí èkùrọ́." Ó ń wò ó lọ. Ìgbà tó dé ibì kan, ó kọ ojú sí ògiri, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Ìyàwó mi ní, "Bí ẹ bá ní kí n má fi han àwọn ará ilé, màá pa á rẹ́. A ó wá ọ̀nà mìíràn."

"Ọ̀nà wo?"

"N kò tíì mọ̀, Ìyá."

Arúgbó náà fi ìdí ìró nu ojú. Ó ní, "Wọ́n ti gbọ́ irọ́ lẹ́nu mi. Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n èmi náà yóò jókòó níbẹ̀. Wọn kò ní wo ẹkún mi lẹ́yìn mi."

Ọjọ́bọ̀ ni. Oòrùn kún àgbàlá, kò sì sí àyè láti dúró di alẹ́, nítorí àwọn obìnrin kan ti ń sọ pé kí Ìyá lọ kí ọjọ́ tó rọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń bá wọn ya fíìmù, ìmọ́lẹ̀ ni iṣẹ́ mi. Lọ́jọ́ náà òkùnkùn ni wọ́n ní kí n ṣe. Mo kó bùláńkẹ́ẹ̀tì àti tapólì jọ, mo fi wọ́n bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alhaji yíká, mo ń wá ihò kọ̀ọ̀kan tí ìtànṣán ń gbà wọlé, mo ń dí i. Mo gbé tẹlifíṣọ̀n sórí àpótí. Àwọn ará ilé wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ wo irọ́ tí òṣèré tún fẹ́ pa ni. Ìyá Ẹlẹ́kọ jókòó níwájú pátápátá, lórí àpótí tó máa ń jókòó lé bó bá ń ta ẹ̀kọ. Kò sẹ́ni tó jókòó tì í.

Àwòrán bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí Ìyá tó ń lé ewúrẹ́ kan tó fẹ́ jẹ ìrẹsì rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tó ń ní, "Ṣé orí òkúta yìí ni kí n kúnlẹ̀ sí? Orúnkún mi kì í ṣe ti fíìmù o." Wọ́n rí télọ̀ nínú aṣọ ọlọ́pàá, tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, tó wá kí arúgbó tó fẹ́ mú pé ẹ káàsán, mà. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. Òmíràn gbè é. Ó dé ìjẹ́wọ́, ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú fóònù wọn náà ni, orúkọ mẹ́ta náà, àrùn mẹ́ta náà. Wọ́n gbọ́ ohùn ìyàwó mi tó ní, "Ó tó. Ó dáa, Ìyá." Ibẹ̀ ni ti inú fóònù ti parí.

Ṣùgbọ́n a kò tíì pa kámẹ́rà lọ́jọ́ náà. Ìyá kò dìde. Ohùn ìyàwó mi tún ní, "Ìyá, a ti parí."

Ìyá inú àwòrán sì ní, "Ẹ̀yin lẹ parí. Àkọ́bí mi, èéyi ló mú un. Wọ́n ní kí n má lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà. Mo lọ. Bí n kò bá lọ, kí ni a ó jẹ? Ìgbà tí mo dé, wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Kò sẹ́ni tó ní èmi ni mo pa á. Èmi ni mo ń sọ ọ́ fún ara mi. Bí mo bá ń ro ẹ̀kọ láàárọ̀, mo ń sọ ọ́. O ní kí n wá ọ̀rọ̀ níbi tó bá wà. Ibẹ̀ ló wà."

Ìyàwó mi wọ inú àwòrán náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan la rí. Ó kúnlẹ̀, ó gbá a mọ́ra, wọn kò sì sọ ohunkóhun mọ́, títí ẹnì kan fi pa kámẹ́rà.

N kò tètè ká tapólì. Mo gbọ́ bí àwọn obìnrin ṣe ń fa imú. Ó pẹ́ kí ohùn kan tó jáde láti ẹ̀yìn, ní Twi, kò le ju èémí lọ: "Èmi náà lọ sọ́jà." Ọmọ onílé ni. Ó ti fa ìborí rẹ̀ bojú. "Ara rẹ̀ gbóná, mo mọ̀ pé ó gbóná, mo lọ sọ́jà."

Alhaji dìde. Ó ní àkókò ìrun ti tó. Ó kọjá lára àpótí Ìyá Ẹlẹ́kọ, ó dúró bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan, ó ní kó rọra, ilẹ̀ ń yọ̀. Ó sì lọ ṣe àlùwàlá. Kò tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ Jímọ̀ mọ́, kò sì tọrọ gáfárà títí ó fi kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, mo jí gbọ́ òórùn èéfín. Mo yọjú. Ìyá ti tú ẹrù, iná ti ń jó, àgbàlá sì dá páropáro. Olúkúlùkù wà lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ rìn. Ọmọ onílé jáde. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kan, abọ́ wà lọ́wọ́ kejì. Ó rìn kọjá gbogbo wa, ó na abọ́ náà síwájú. Ìyá bù ú kún.

Ó ní, "Ó gbóná o."

Èkejì ní, "Mo mọ̀, Ìyá."

Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ fún ọmọ náà. Àwọn tó kù wá gbé abọ́.

Lẹ́yìn èyí, ìyàwó mi kò jẹ́ kí wọ́n fi ojú ẹnikẹ́ni han ayé mọ́ láìjẹ́ pé ẹni tó ni ojú ti kọ́kọ́ wò ó. Ó ń dá iṣẹ́ dúró, àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń kùn, kò dá wọn lóhùn. Fíìmù rẹ̀ náà kò tà púpọ̀. Àwòrán tí a kò gé yẹn ló ń gbé kiri, pẹ̀lú àṣẹ Ìyá, dé àwọn sóńgò, àdúgbò àwọn àlejò, dé àwọn abúlé tí wọ́n ti lé arúgbó jáde. Ìyá máa ń bá a lọ nígbà mìíràn. Bí wọ́n bá wò ó tán, òun á dìde, á ní, "Èmi rè é. Èmi ni mo ṣì ń ta ẹ̀kọ." Ìyàwó mi bẹ̀ ẹ́ pé kó tún bá òun ṣe fíìmù mìíràn. Ìyá ní bí kò bá ṣe ìyá ọba tó kó wúrà sọ́rùn, òun kò ṣe. Wọ́n fi í ṣe ìyá ọba. Ó jókòó lórí àga, ó kọ̀ láti dìde nígbà tí wọ́n parí.

Nínú àwọn abúlé yẹn, àwọn kan gba arúgbó wọn padà. Àwọn kan kò gbà. Wọ́n sọ òkò lu ọkọ̀ wa níbì kan. Ìyàwó mi kì í sọ ti àwọn tó gbà nìkan bí wọ́n bá bi í léèrè.

Àìsàn ló mú un lọ, kò pẹ́ lórí rẹ̀. A sin ín lọ́jọ́ tó kú, bí ẹ̀sìn wa ti là á sílẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́kọ, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rìn nígbà náà, jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ro ẹ̀kọ fún gbogbo ẹni tó wá kí mi. Ó ní òun kò mọ ohun mìíràn tí òun lè ṣe. Òun náà ti lọ báyìí. Nínú yàrá rẹ̀ lẹ́bàá géètì ló kú sí, lórí ibùsùn rẹ̀, ẹrù kankan kò sí ní dídì.

Wọ́n ṣì ń fi àwọn fíìmù àtijọ́ hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Láìpẹ́ yìí mo jókòó nílé olóúnjẹ kan, mo gbójú sókè, mo rí ìyàwó mi tó ń di ológbò. Obìnrin tó ń bu oúnjẹ fún mi fi ìka tọ́ ọ, ó ní, "Ẹ wo aláìláàánú yẹn." Mo ní, "Ìyàwó mi ni." Ó wò mí. Ó fi ẹja kún ti inú àwo mi. Mo rẹ́rìn-ín fúnra mi títí mo fi délé, nítorí mo mọ ẹni tí yóò bá mi rẹ́rìn-ín ká ní ó wà.

Èmi ni mo ń gbé àwòrán Ìyá kiri báyìí, bí wọ́n bá pè mí. N kò lè sọ̀rọ̀ bíi ti ìyàwó mi. Mo kàn ń dí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, mo ń tan án, mo sì ń jókòó sẹ́yìn. Nínú gbogbo fíìmù tó ṣe, ẹlòmíràn ló ń jẹ́. Nínú èyí tí kò ti ṣe eré kankan, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan la rí, àti ohùn rẹ̀. Mo mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ìyá yóò ti dárúkọ ọmọ kejì, òjìji yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú rẹ̀, ohùn náà á sì wá, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn: "Oníná, ẹ gbé iná náà sókè díẹ̀."

Ìmọ́lẹ̀ á gòkè sí ojú Ìyá. Níbi tí mo jókòó sí, nínú òkùnkùn, láàrin àwọn tí kò mọ̀ mí, ọwọ́ mi á sì gbéra.